Ohun tí mo kọ́ nípa pọ́ọ̀tì nígbà tí mo ṣì ń gbé báàgì gọ́ọ̀fù

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ka ìlà, ìyẹn ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà dé ihò, fún àwọn ọ̀gá tó ń gbá gọ́ọ̀fù lórí gíríìnì (ibi tí ihò wà) tí wọ́n á sì gbá a wọlé, tí èmi fúnra mi ò sì lè gbá pọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń rọra yí lọ sínú ihò, láti ẹsẹ̀ bàtà 5 wọlé lẹ́ẹ̀mejì léra wọn.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń gbé báàgì, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di pọ́tà, igi tí wọ́n fi ń gbá pọ́ọ̀tì, mú, ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, gíríìnì kan náà ni, ihò kan náà ni. Tí mo bá ní "ọ̀gá, ẹ mú un sí etí òsì, ẹ jẹ́ kó rọra kú síbẹ̀", bọ́ọ̀lù á lọ bí mo ṣe wí, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, nírọ̀lẹ́ á fi nǹkan lé owó mi. Tó bá wá di Mọ́ńdè tí pápá ṣófo tí wọ́n ní káwa kádì, àwa tá à ń gbé báàgì, gbá tiwa, háà, kò sí èyí tó ń wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Èmi náà gbà pé ọwọ́ ni, mo yí bí mo ṣe ń di pọ́tà mú padà tó ìgbà mẹ́fà, mo yá pọ́tà ẹlẹ́ni, mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ kan nígbà tí ìdíje àwa kádì ń bọ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín mi). Níbi ìdíje yẹn náà, ẹsẹ̀ bàtà 4 ló kù kí n gba ipò kìíní, bọ́ọ̀lù gba òsì ihò kọjá bí ẹni pé kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ná. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, orí bráùn ni wọ́n dàgbà sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó lè jẹ́ pé ẹ ò rí bráùn rí: yanrìn tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì, tí wọ́n tẹ́ síbi tó yẹ kí koríko wà, torí owó àti omi tí wọ́n fi ń tọ́jú gíríìnì koríko kì í ṣe kékeré. Ó pọ̀ ní Nàìjíríà nígbà kan, ó ṣì kù láwọn ibì kan. Lórí bráùn, kádì á kọ́kọ́ tẹ́ ojú ọ̀nà náà kó dán kí ọ̀gá tó gbá a, bọ́ọ̀lù ò sì ní yà púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "dojú kọ ihò kó o gbá a gbọin" ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún wa. Lórí koríko, ìmọ̀ràn yẹn á kó yín sí gbèsè.

Ẹni tó là mí lójú, pro kan (ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun) tó ti dàgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó wò mí nígbà tí mo pàdánù bíi mẹ́wàá, ó ní kí n tún dúró bí ẹni fẹ́ gbá, kí n má mira. Ó wá di pọ́tà yẹn mú síbi tó wà gan-an, ó ní "bọ́ sẹ́yìn kó o wá wo ibi tó ń wò". Mo bọ́ sẹ́yìn. Pọ́tà mi ò wo ihò rárá, igi máńgòrò tó wà lápá òsì ló ń wò! Ẹ̀rín pa wá. Àmọ́ mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, torí mo rántí pé kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù mi ló ń gba òsì, òmíràn ń gba ọ̀tún. Ó ṣe wá jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi ti mọ̀ pé ojú mi ń purọ́ fún un, ló bá ń gbìyànjú láti tún un ṣe lójú ọ̀nà, nígbà mí-ìn á tún un ṣe jù. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá ọwọ́ jà, ọwọ́ ló ń gbà mí là.

Ohun tó fà á ò le. Kádì ń wo ìlà láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, ojú méjèèjì dọ́gba síwájú, bí ẹni ń wo títì. Ẹni tó fẹ́ gbá a, ẹ̀gbẹ́ ló dúró sí, ó tẹrí ba, ó wá ń yọjú wo ihò láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó rí lẹ́yìn yẹn á sá mọ́ ọn lójú. Pro yẹn ní kí n mú bọ́ọ̀lù kan sí àárín ojú mi nígbà tí mo dúró, kí n jù ú sílẹ̀. Ó balẹ̀ sí òdìkejì bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ gbá, ìyẹn ni pé mo ti tẹ̀ kọjá ìlà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òsì dà bí iwájú lójú mi. Kó balẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù gan-an, tàbí kó kù díẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ìyẹn ló dáa. Ẹ dán an wò lónìí, owó kọ́.

Ẹ tún wádìí ojú yín tó jẹ́ ọ̀gá. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi ìka ṣe ihò kékeré, ẹ wo àsíá inú ihò láti inú ẹ̀ pẹ̀lú ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ wá dijú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì ń rí àsíá yẹn ni ọ̀gá. Òsì ni tèmi. Tí mo bá ti lóṣòó sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ojú òsì yẹn ni mo máa ń gbé sórí ìlà.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ìṣirò tí mo ṣe nílé. Ihò gọ́ọ̀fù fẹ̀ tó íǹṣì 4.25, sẹ̀ǹtímítà 10.8 nìyẹn, àárín rẹ̀ sí etí wá jẹ́ 5.4. Táìlì pálọ̀ mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, márùn-ún tó tò tẹ̀léra jẹ́ mítà 3, ó sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 gan-an. Kí bọ́ọ̀lù tó lè bá etí ihò níparí táìlì karùn-ún, kò gbọdọ̀ yà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ níparí táìlì àkọ́kọ́. Dígírì kan péré! Ibi tí ojú pọ́tà bá sì ń wò nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ forí lé, ó lágbára ju ọ̀nà tí apá gbà lọ dáadáa. Mo bá kó ìdérí kóòkì méjì sílẹ̀ níparí táìlì àkọ́kọ́, mo fi àlàfo tó ju bọ́ọ̀lù lọ díẹ̀ sí àárín wọn, ìlà tó so táìlì pọ̀ ni títì mi. Lálaalẹ́, iná wà tàbí kò sí. Ìyàwó mi rò pé mo ti ń ya díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku bí mo ṣe ń gbé e dé pápá. Tí mo bá ti wò ó tán lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, mo máa wá nǹkan kékeré kan sórí ìlà yẹn, kò ní jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lọ, ewé koríko tó pọ́n, àpá kékeré, ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo máa dojú pọ́tà kọ, mi ò tún ní jẹ́ kí ihò dá sí ọ̀rọ̀ ìdojúkọ mọ́, ìwọ̀n agbára nìkan ni mo ń bi ihò léèrè. Àwọn kan ń fi máákà fa ìlà sára bọ́ọ̀lù. Ó dáa fún èyí tó kúrú, àmọ́ tó bá ti di ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìṣẹ́jú méjì to ìlà bọ́ọ̀lù yìí, ẹ ṣàánú àwọn tó wà lẹ́yìn yín jàre.

Àwòrán ọ̀nà bọ́ọ̀lù tí mo ń yà sórí kí n tó gbá a ńkọ́? Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, a máa ń yí táyà lórí títì tó dagẹ̀rẹ́. Tí táyà bá ń sáré, ó ń lọ tààrà, bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ́ tó kò kàn án. Ìgbà tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́ ló máa ń tẹ̀ sí apá gọ́tà, bá a bá sì pariwo títí, gọ́tà náà ló ń já sí. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò yàtọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó kẹ́yìn ló ń yà jù, torí náà láti ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán tèmi, mo ń wá sẹ́yìn. Mo máa ń bi ara mi pé tí wọ́n bá da korobá omi kan sétí ihò yìí, ibo ló máa ṣàn gbà? Ihò á wá dà bí aago lójú mi: tí omi bá ń ti ọ̀tún wá sósì, bọ́ọ̀lù ò ní gba aago mẹ́fà (apá ọ̀dọ̀ mi) wọlé, apá aago mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà. Mo rí i tó ń wọbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìrìn rẹ̀, mo fa ìrìn náà padà dé ẹsẹ̀ mi, ibi tó bá gbà kúrò lọ́dọ̀ mi ni mo ti ń wá ewé koríko mi.

Ẹ ò lè yan ìlà láìyan ìwọ̀n agbára o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Dave Pelz, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní NASA kó tó gbájú mọ́ gọ́ọ̀fù, ní kí bọ́ọ̀lù tí ò wọlé fi nǹkan bí íǹṣì 17 kọjá ihò. Lórí gíríìnì tiwa tó sábà máa ń lọ́ra, mo gbà fún un, àmọ́ tó bá jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ kó kú sẹ́nu ihò. Ẹ wo koríko náà: tó bá ń dán lójú yín, ó sùn lọ síwájú, bọ́ọ̀lù á yára, tó bá dúdú, ó kọjú sí yín, ẹ fi kún un. Èyí tẹ́ ẹ bá sì máa ṣì, ẹ ṣì í sápá òkè. Bọ́ọ̀lù tó ti bọ́ sísàlẹ̀ ihò, kò sóhun tó máa gbé e gòkè padà.

Ẹ̀yin kádì, láti 2019 òfin ò gbà wá láyè mọ́ ká dúró sẹ́yìn ọ̀gá lórí ìlà nígbà tó bá ti ń gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ títí á fi gbá a. Ẹ lè ka ìlà fún un, ìdojúkọ ti di tirẹ̀. Ẹ sọ fún un ní ewé koríko, ẹ má sọ ọ́ ní "díẹ̀ sósì", díẹ̀ tèmi kọ́ ni díẹ̀ tiẹ̀.

Ẹ má sì fi pọ́ọ̀tì kan ba ọjọ́ jẹ́. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun lórí PGA Tour ní Amẹ́ríkà, tó bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà 8, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n ń gbá wọlé. Jordan Spieth tó gba Masters àti US Open, ìdíje ńlá méjì, ní 2015, ihò ló máa ń wò nígbà yẹn dípò bọ́ọ̀lù tó bá ń gbá àwọn kúkúrú kan. Mo dán tiẹ̀ wò, kò bá mi lára mu, ó lè bá tiyín mu.

Ẹni tó bá fẹ́ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó mú ìdérí kóòkì méjì dání. Èmi á dúró nídìí báàgì, mi ò ní ka ìlà fún ẹnikẹ́ni.