Máìlì 55 Lọ́jọ́ Ìsinmi

Pálọ̀ ìyá mi ní Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta, ni mo ti ń kọ èyí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì ti lọ nínú rẹ̀ bí eré. Lánàá ni ọmọ àbúrò bàbá mi wá kí mi. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà, ó ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kóòtù òtútù àti owó ilé la máa sọ, a sì sọ ọ́. Ìgbà tó dìde, tó ti di ilẹ̀kùn mú, ló tó wá ní: "Àǹtí, mo ti wo ìlú yẹn lórí fóònù mi. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó jọ tiwa tí mo rí, wákàtí kan àbọ̀ lọkọ̀ máa rìn kó tó débẹ̀. Ṣé kò jìn jù báyìí?"

Mo ní kó padà wá jókòó. Ìbéèrè yẹn ló gba èmi àti ọkọ mi lọ́kàn fún ọdún mẹ́rin gbáko, mi ò sì fẹ́ fún un ní ìdáhùn ẹnu ọ̀nà.

Ọdún 2019 la dé Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa lọ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Gainsborough, ìlú tí odò Trent gbà kọjá. Oko lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi. Ìjọ tó sún mọ́ wa jù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méje lọ, ìjọ Áńgílíkà ni. Èèyàn rere ni wọ́n. Àwọn ló mú wa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, àwọn ló fún wa ní ibùsùn ọmọ. Ṣùgbọ́n oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi nígbà náà, wọ́n sì ń fi ayọ̀ sọ pé tí mo bá ti sọ̀, àwọn máa ṣe ìrìbọmi fọ́mọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń gbé ọmọ tuntun fún Olúwa, a máa ń gbàdúrà lé e lórí, ṣùgbọ́n a kì í tẹ̀ ẹ́ bọmi títí yóò fi lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba Jésù gbọ́.

Kì í ṣe àgídí rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n tẹ̀ mí bọmi ní ìjọ wa ní Ìjàyè, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ká pákó iwájú àga ìwàásù kúrò, omi ló wà lábẹ́ ibi tí mo ti ń tẹ̀ kọjá láti kékeré. Aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀ fún mi tóbi jù mí lọ, ó ń léfòó yí mi ká bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Pásítọ̀ fi áńkáṣífù bò mí nímú, wọ́n bi mí bóyá mo gbàgbọ́, mo ní mo gbàgbọ́, omi sì pa dé mọ́ mi lórí. Nígbà tí mo yọrí, ohùn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú orin tí wọ́n ń kọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ́mọ mi náà ní nìyẹn: kó mọ ọjọ́ náà, kó rántí bí omi ṣe tutù tó.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìlú Leeds nìyẹn. Ìjọ àwọn Yorùbá kan wà níbẹ̀, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Máìlì 55 ni láti ẹnu ọ̀nà wa, 110 ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá lọ ní gbogbo Sọ́ńdè ọdún kan, máìlì 5,720 ló rìn yẹn. Òfin ibẹ̀ gbà kí àlejò fi ìwé ìwakọ̀ ilé wakọ̀ fún oṣù 12, lẹ́yìn ìyẹn ó di dandan kó ṣe ìdánwò tiwọn. Kí ọkọ mi tó yege, ọkọ̀ ojú irin là ń wọ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn mi àti kúlà ìrẹsì lọ́wọ́.

Mi ò kábàámọ̀ àwọn Sọ́ńdè yẹn. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìgbọ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lẹ́nu ẹnikẹ́ni ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Tí dùndún bá ti dún, tí ìyá kan bá ti na ìwé orin sí mi pé "ọmọ mi, gbà," èjìká mi á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún àbọ̀ là ń jí, aago méje alẹ́ là ń wọlé. Ọmọ wa ń sùn lọ, ó ń sùn bọ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kò rí ìkankan nínú wọn títí Sọ́ńdè mìíràn.

Ohun kan tún wà tí kò tètè yé mi. Àwa Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ara rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ ìjọ ló ń jókòó nípàdé tí wọ́n ń yan pásítọ̀, tí wọ́n ń yan díkónì, tí wọ́n ń pinnu bí wọ́n á ṣe náwó. Ìjọ wa ní Leeds ń ṣe ìpàdé yìí nírọ̀lẹ́ Sátidé. Nínú ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀. Ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, a ò lọ rí. Mo ti bá wọn ka májẹ̀mú ìjọ jáde lẹ́nu pé a ó máa ṣọ́ ara wa, a ó máa bẹ ara wa wò nínú àìsàn, mi ò sì mọ ilé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àlejò ni mí. Àlejò tó ń san ìdámẹ́wàá.

Ní 2022 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ọjọ́ kẹfà tí mo délé, mo gbọ́ kànkàn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá díkónì kan láti Leeds ni, wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 65. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Sheffield, wọ́n wọ òmíràn dé Gainsborough, wọ́n wá fi takisí parí ẹ̀. Fúláàsì méjì wà nínú àpò wọn, ẹ̀kọ gbígbóná nínú ọ̀kan, ẹ̀fọ́ rírò nínú èkejì. Oṣù Kọkànlá ni, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n dé. Wọn ò bọ́ kóòtù wọn. Wọ́n bù ẹ̀kọ fún mi, wọ́n dúró tì mí títí mo fi lá a tán, wọ́n ń wo aago ara ògiri lábẹ́lẹ̀ kí n má baà rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà ṣì tutù, wọ́n gbàdúrà. Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, takisí ti fọn fèrè. Mo wo wọn láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń ti fúláàsì bọ àpò padà nínú òjò. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ ni ìpè wọn wọlé pé àwọn ti délé.

Mo sunkún gan-an lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe ti ojú abẹ. Àwa nìkan ni mo rò pé a ń rin ọ̀nà Leeds. Mi ò rò ó rí pé ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe mí, ẹlòmíràn ló máa rìn ín.

Ìjọ tí a wà báyìí, ọ̀nà Lincoln ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọkọ̀. A kì í ju ọgbọ̀n lọ, òyìnbó àgbàlagbà ló pọ̀ jù. Dùùrù nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹni tó gbàgbọ́ bọmi, wọ́n ń ṣí Bíbélì ní ẹsẹ dé ẹsẹ, tí ìpàdé ìjọ bá tó, wọ́n á bi mí pé kí ni mo rò. Ó tó ọdún kan kí ọkàn mi tó gbà á. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin tí mo mọ̀ ní Yorùbá, èmi á máa kọ ọ́ ní Yorùbá sínú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun méjì ni mo ti dì papọ̀ sínú ẹrù kan: ìgbàgbọ́ àti ilé. Méjèèjì ló ṣe iyebíye. Àmọ́ nítorí àkọ́kọ́ nìkan ni mo lè sọ pé ìjọ kan kò bá tèmi mu. Èkejì, ebi ni, ebi gidi, a sì ń wá oúnjẹ fún un: a máa ń lọ Leeds nígbà ìkórè, a máa ń lọ fún àìsùn ọdún tuntun, màmá yẹn sì wà lórí fóònù pẹ̀lú mi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ yìí ló mú wa lọ wo ilé àtijọ́ ńlá tó wà ní Gainsborough. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ John Smyth. Òun àti àwọn tó ń bá a jọ́sìn ní ìlú yẹn sá lọ sí Amsterdam ní nǹkan bí 1608, torí pé ìjọba kò gbà wọ́n láyè láti dá ìjọ tiwọn ní. Lọ́hùn-ún, ní 1609, ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi tuntun fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́. Thomas Helwys, ọ̀kan lára wọn, ló kó díẹ̀ nínú wọn padà wá sí Spitalfields ní London ní nǹkan bí 1612, ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí. Mo dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo ronú pé wọ́n la òkun kọjá nítorí ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò máa lọ máa bọ̀. Wọ́n kó lọ ni, tilé tọmọ.

Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán lánàá ni ìyá mi, tí wọ́n ti ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, jáde wá. Wọ́n ní, "Àwọn Ìjàyè ńkọ́?" Òótọ́ ni. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Abẹ́òkúta níbí ní 1850, Ìgbòho ló ń lọ, ogun ló dí i lọ́nà. Ó jókòó sáàárín àwọn Ẹ̀gbá, ó ń kọ́ Yorùbá, ìgbà tó di 1853 ló tó lọ fìdí iṣẹ́ kalẹ̀ ní ìlú Ìjàyè àtijọ́. Ogun sì tún fọ́ Ìjàyè ní 1862. Àwọn tó sá àsálà wá sí Abẹ́òkúta tẹ̀dó síbi tí à ń pè ní Ìjàyè títí dòní, ìjọ wọn sì bá wọn wá. "Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kúrò nílẹ̀," ni ìyá mi wí, "tí wọ́n fi kọ́ ilé àdúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń sùn."

Mo wá bi ìyá mi ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ láti Ọbáńtokò kí wọ́n tó dé Ìjàyè, wọ́n sì ń kọjá ìjọ Onítẹ̀bọmi mìíràn lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti tẹ àwọn bọmi nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé òkú bàbá mi jáde, ibẹ̀ làwọn máa lọ títí ẹsẹ̀ fi máa kọ̀. "Ṣùgbọ́n ṣé o rò pé ibẹ̀ ni mò ń lọ lọ́jọ́rú?" Àṣé ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìjọ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń bá wọn ra oògùn. Wọn ò sọ fún mi lórí fóònù rí.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi kò pọ̀. Mo ní kó má tíì sanwó ilé. Ilé ìwòsàn máa ń fi ẹni tuntun sí ibùgbé fúngbà díẹ̀; láàárín ìgbà yẹn, kó lọ jókòó nínú ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó béèrè ta ni wọ́n ń tẹ̀ bọmi, kó béèrè kí ni ọmọ ìjọ ń ṣe nípàdé, kó gbọ́ ìwàásù bíi márùn-ún. Èyí tí ọkàn rẹ̀ bá sinmi lé nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kó wá wá ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ṣeé kó kúrò, ìjọ kò ṣeé gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa gba bíi Sọ́ńdè méjì lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù. Tí ọ̀nà bá tún gba ọ̀kan nínú èyí tó kù, kí ló ṣẹ́ kù?

Ó ní kí n sọ iye ìṣẹ́jú pàtó. Mo ní tèmi ni pé kí àgbàlagbà kan lè wá kí mi lórí àìsàn, kó bọ́ kóòtù rẹ̀, kó jókòó dáadáa, kó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú lóṣù Kọkànlá. Bí kò bá sí èyí tó gbàgbọ́ bíi tiwa láàárín ibẹ̀, kó rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kó máa wá bó ṣe máa kó sún mọ́ wọn.

Sọ́ńdè yìí a jọ ń lọ Ìjàyè láti gba lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, èyí tí ìjọ fi ń fa ọmọ ìjọ lé ìjọ mìíràn lọ́wọ́. Ó ti fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìjọ oní-wákàtí-kan-àbọ̀ yẹn sí i. Mo ní kí wọ́n fi àyè orúkọ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, kó mú un dání bẹ́ẹ̀ lọ.