Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Ká

Sátidé, Ilé-Ifẹ̀

Iná dé ní nǹkan bí aago méjì òru, mo sì dìde láti wo iṣẹ́ wa lórí GitHub, ibi tí à ń kó kóòdù wa sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ọmọkùnrin Iléṣà yẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti pull request tó fi ránṣẹ́ pa, ìyẹn àtúnṣe kóòdù tó ní ká gbà wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun." Bí oorun ṣe dá lójú mi nìyẹn.

Sọ́fítíwià tí à ń ṣe kò tóbi. Ó ń yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí kóòdù rẹ̀ kó tún un ṣe. Àwa márùn-ún là ń bójú tó o, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe ọ̀rọ̀ tó tọ́ ní àṣìṣe. Ẹ wo lẹ́tà "ẹ́" yìí: kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹnìkan á mú "ẹ", á gbé àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á mú "é", á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra rárá. Ọmọ yìí ló rí i, tó jókòó tì í, tó sì wá ojútùú rẹ̀.

Àmọ́ ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àtúntò fáìlì tí a ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú ni mo fi dá a lóhùn, pé ó ti pọ̀ jù, kó tún un ṣe. Mi ò kí i. Ká ní ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Iléṣà, tó wá bá mi nílé ní Lágéré, "ẹ kú ọ̀nà" ni n bá kọ́kọ́ sọ, n bá fún un lómi, kí n tó béèrè ohun tó gbé wá. A ò rí ojú ara wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkíni bá bọ́ sọnù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kí bàbá mi ní Modákẹ́kẹ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé àáró ni ẹ̀ ń ṣe ni, àbí ọ̀wẹ̀?" Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú àáró, o wá sí oko mi lónìí, mo wá sí tìrẹ lọ́la, kálukú mọ̀ pé yóò kan òun. Ọ̀wẹ̀ ni pé olóko bẹ àwọn èèyàn, wọn kì í retí kó san án padà, ṣùgbọ́n dandan ni kó bọ́ wọn.

"Ọ̀wẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló wá se oúnjẹ?"

Wọ́n ní kí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ tó pé, àwọn á ti rin oko náà já, àwọn á ti pín in: àwọn ọmọdé síbi tí koríko ti rọ̀, àwọn géńdé sí etí igbó. Bí ebè ẹnìkan bá wọ́, wọn kì í pariwo rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á kí i, wọ́n á wá fi ọkọ́ tiwọn kọ ebè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó lè rí i. (Ìyá mi tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná fi tiwọn kún un: ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.) Iṣẹ́ tó lé ní 40 ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹyọ kan tí a sàmì sí pé àlejò lè fi bẹ̀rẹ̀. A ò pín oko náà fún ẹnikẹ́ni.

Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ xz ló gba ọkàn mi, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, ẹnìkan tó ń kọ sọ́fítíwià, rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ ssh ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀tá lè gbà wọ kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi pa mọ́ sínú xz. Lasse Collin ló ti ń tọ́jú iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbowó. Ní 2022 àwọn kan ń kù gìrì mọ́ ọn pé ó ń lọ́ra, kó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, Jia Tan sì wà nítòsí tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí àárẹ̀ mú, bí ẹnìkan bá ní kó sọ ẹrù náà kalẹ̀ kí òun bá a gbé e, ṣé yóò máa wádìí ibi tí onítọ̀hún ti wá? Ó dùn mí gan-an. Ó sì rán mi létí pé mi ò sọ fún àwọn mẹ́rin yòókù rí pé ó ti rẹ̀ mí. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni mo lọ fi gbẹ̀san rẹ̀.

Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ Linux, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1991, tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹsàn-án 2018 fún bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn èèyàn lára, ó sì kúrò nídìí iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Gbangba ló ti ṣe é, torí gbangba ló ti bú wọn. Èmi náà, gbangba ni mo ti já ọmọ yìí kulẹ̀, nítorí náà mi ò kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀. Mo ṣí pull request rẹ̀ padà. Mo kí i ní Yorùbá, mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, mo sì sọ pé èmi ni mo ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà mo mú apá tó tún "ẹ́" ṣe nìkan, mo dà á pọ̀ mọ́ tiwa. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, kì í da orúkọ ẹni tó kọ kóòdù pọ̀ mọ́ ti ẹni tó gbà á wọlé. Orúkọ tirẹ̀ ló wà níbi òǹkọ̀wé.

Mo sọ fún àwọn yòókù pé ó ti rẹ̀ mí. Èyí tó wà ní Ìbàdàn ní òun á gba yíyẹ iṣẹ́ àwọn àlejò wò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. Ọmọkùnrin náà kò tíì fèsì. Mo ti sàmì sí iṣẹ́ 7 tí àlejò lè fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ fi 3 kún un kí wọ́n tó mú iná lọ.