Ìgò jáàmù mẹ́ta

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fọ́tò kan sí status WhatsApp mi, ìgò jáàmù mẹ́ta lórí wíńdò kíṣìnì mi, oòrùn díẹ̀ tó yọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ń gba inú wọn kọjá, àwọ̀ wọn dà bíi ti oyin ìgàn. Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi fèsì láti Ìjẹ̀bú-Òde pé, "Àǹtí wa, ẹ̀yin lẹ mọ ayé jẹ o, ẹ tiẹ̀ ráyè jókòó ti jáàmù, owó gáàsì làwa ń wá kiri níbí." Kò pẹ́ sí i, àbúrò màámi fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé mo ti ń tà á, kí n má gbàgbé ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí poli.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó dùn mí wọra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, mo pa á rẹ́, mo tún kọ òmíì, mo tún pa á rẹ́, torí pé kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣàlàyé irú nǹkan báyìí lórí fóònù fún ẹni tí iná ti lọ ní tiẹ̀ láti àná. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n fara balẹ̀ kọ ọ́ síbí.

Nǹkan tí gbogbo wa mọ̀, mi ò ní dúró lórí ẹ̀. Iná, ọ̀nà, owó epo, omi tá à ń rà. Níbí iná kì í lọ, omi ń yọ lẹ́rọ, bọ́ọ̀sì ní àsìkò tó ń dé. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀, irọ́ ló ń pa. Mo ti sọ ìyẹn, ó tán.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bí mo ṣe ń se jáàmù yẹn, torí inú ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Apá àríwá England ni mo wà, ìlú kékeré kan, tó bá di oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tílẹ̀ fi ń ṣú. Èso tútù wọ́n lásìkò òtútù, èyí tó bá sì wà kì í dùn, ẹnu ẹni tó jẹ máńgòrò àti àgbálùmọ̀ dàgbà ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n èso gbígbẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù tọdún tọdún. Apricot ni mo máa ń rà, èso kékeré kan tó fi díẹ̀ ju ìyeyè lọ, àgbègbè Malatya lórílẹ̀-èdè Tọ́kì ni èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbẹ ẹ̀ ti ń wá, wọ́n á yọ kóró ẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn. Èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ń dán bí ọsàn tó pọ́n, wọ́n ti fi èéfín imí ọjọ́ sí i kí àwọ̀ ẹ̀ má bàa yí ni, èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí máa ń dúdú bíi dàbínù. Òun lèmi fẹ́ràn. Kò wuni lójú ṣùgbọ́n ó dùn jù.

Gíráàmù 250 ni mo máa ń lò. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, torí náà kí n tó jáde nírọ̀lẹ́, màá gé e wẹ́wẹ́, màá rẹ ẹ́ sínú omi mílílítà 750 nínú ìkòkò tí màá fi sè é gan-an, màá dé e. Tí mo bá dé láàárọ̀ á ti wú, omi ẹ̀ á ti pọ́n bíi tíì. Omi yẹn, ẹ má dà á nù o, ibẹ̀ ni adùn sá sí. Màá gbé e kaná kékeré, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, títí á fi rọ̀ débi tí ṣíbí á lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìgbà yẹn ni ṣúgà tó wọlé, gíráàmù 750, torí tí ṣúgà bá tètè wọ̀ ọ́, èèpo ẹ̀ á yi, ẹ lè sè é dọ̀la kò ní rọ̀ mọ́. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù kan náà tẹ̀ lé e, kíkan ẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kó dì. Màá máa rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ tán, tí kò ní máa dún ṣàṣà nídìí ìkòkò mọ́, kí n tó wá koná mọ́ ọn dáadáa.

Ibi tó ti ń hó yẹn ò ṣeé fi sílẹ̀. Á kọ́kọ́ máa ru sókè bí ọṣẹ, tó bá yá ìfófòó ẹ̀ á lọ sílẹ̀, á wá máa hó pọ́kú pọ́kú bí ògì tó ń di ẹ̀kọ. Mo ti máa ń gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré kan sínú frísà tẹ́lẹ̀. Màá pa iná, màá kán jáàmù díẹ̀ sórí àwo yẹn, màá dúró kó tutù, màá fi ìka tì í. Tó bá hunjọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn màmá tí mò ń wẹ̀ fún níbi iṣẹ́, ó ti tó. Tó bá ṣì ń ṣàn, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ní tẹmómítà, 105 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń wá. Ìgò á ti gbóná nínú ófìn kí n tó bu jáàmù gbígbóná sí i, torí ìgò tútù máa fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìgò mẹ́ta ló ń jáde níbẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà n'Íjẹ̀bú á ti rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni jáàmù àti gàrí. Gàrí ni màámi fi tọ́ wa. Ẹ bó ẹ̀gẹ́, ẹ rin ín, ẹ kó o sápò, ẹ fún omi ẹ̀ jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó kan bó ṣe yẹ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan, ẹ kù ú, ẹ din ín. Omi là ń lé kúrò lára ẹ̀ kó lè pẹ́. Omi náà ni wọ́n lé kúrò lára apricot, omi tá a sì dá padà sí i, ṣúgà ti gbà á mọ́wọ́, ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ò rí i mu, ìyẹn ni jáàmù ṣe ń gbé oṣù lórí oṣù. Ṣùgbọ́n ta lẹ ti rí tó ń dá gàrí ṣe rí? Níbi bíbó ẹ̀gẹ́ nìkan, obìnrin mẹ́fà méje ló máa yí òkìtì ẹ̀ ká, ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tí ọkọ ẹ̀ ti wálé, ẹni tó kó owó àjọ tí ò fẹ́ dá a mọ́. Ọmọdé tó bá ń kọjá lọ máa jókòó, wọ́n á sọ ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́.

Jáàmù, èmi nìkan ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mi ò tíì sùn láti àná, mo dúró sídìí ìkòkò, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo kọ́ríd​ọ̀ ilé tá à ń gbé, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn pé kí ló ń ta sánsán báyìí. Nílé wa, tó o bá din ẹyin kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́ta ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́ mà.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé nísàlẹ̀ mi. Ọdún kejì rèé, ikọ́ wọn ni mo mọ̀, mi ò mọ orúkọ wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo se jáàmù, mo gbé ìgò kan sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo kọ ọ́ sí bébà pé èmi tí mò ń gbé lókè ni. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣílẹ̀kùn pé kí n jáde, mo bá ìgò yẹn lórí ohun ìnusẹ̀ mi. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó mọ́ tónítóní, wọ́n ká bébà kékeré kan sínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, ó dùn. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Mo sì wà nílé o, mo jí sílẹ̀, tí wọ́n bá fi ìka kàn án báyìí ni, màá ti ṣí i. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Bàbá yẹn ò ṣẹ̀ mí, níbí ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, wọn ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n màámi kì í dá abọ́ ẹlòmíì padà lófìfo, bó jẹ́ ata mẹ́ta wọ́n máa fi síbẹ̀, abọ́ yẹn á sì tún padà wá, á tún lọ. Èyí tó bá ti ṣófo tó mọ́ báyẹn, ó ti parí nìyẹn.

Ohun tí wọn ò mọ̀ nílé rèé. Wọ́n rò pé ebi èèyàn kò lè pa èèyàn. Mo ti ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta nínú yàrá yìí, fóònù ló ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ kúrò, mi ò tún ní la ẹnu mi sọ̀rọ̀ títí màá fi padà síbẹ̀, àfi tí mo bá ń gbàdúrà.

Èyí tó wá burú jù ni ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, ọjọ́ tí Awùjalẹ̀ wàjà. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, ọba tó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960, ọmọ kékeré ni màámi nígbà yẹn, kò sí ọba míì tí wọ́n mọ̀ láyé wọn. Fóònù mi ò sinmi, wọ́n ń ké nílé, ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde pa lọ́lọ́. Mo jáde síta torí inú ilé há mọ́ mi. Oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wà nínú páàkì, wọ́n ń lá àìsìkíríìmù, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ajá, ọ̀rọ̀ ńlá wà lẹ́nu mi, mi ò rí ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Rédíò tí mo ṣí, Bùhárí tó kú ní London lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n ń sọ. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tá a jọ ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ọba wa wàjà, ó káàánú mi lóòótọ́, ó ní ṣé mọ̀lẹ́bí mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mi ò bá tún wí?

Ẹ máa ní ṣé kí n wá máa bọ̀ nílé. Rárá o, mi ò bọ̀, mi ò sì ní tijú láti sọ ìdí ẹ̀. Tíṣà ni mí nílé, ilé ìwé aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ, owó oṣù mẹ́ta wà lọ́rùn wọn títí tí mo fi kúrò. Níbí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní owó máa wọlé ló ń wọlé. Inú ẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màámi ti ń jáde lóṣooṣù, inú ẹ̀ ni owó ilé ìwé àbúrò mi l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè wà, inú ẹ̀ náà ni kànga tá a gbẹ́ lọ́dún tó kọjá wà. Ẹni tó bá ń sọ pé ìgbádùn ni mo wá jẹ, kó jọ̀ọ́ ka àwọn wọ̀nyí kó tó máa wo ìgò jáàmù. Àwọn tá a jọ wà níbí náà, tí wọ́n máa ń sọ pé ilé ló dáa jù, mi ò tíì rí èyí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìra àbọ̀. Mo fi àwùjọ èèyàn gba owó ni, ojú mi sì là nígbà tí mo ń gbà á. Tí wọ́n bá tún gbé e síwájú mi lónìí, màá tún gbà á, màá sì tún sunkún.

Ìyàwó wa tó ní owó gáàsì lòun ń wá, mo ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, a ti parí ẹ̀. Ó tiẹ̀ ní òun fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo ní kó má wá apricot kiri, kó ra dàbínù lọ́wọ́ àwọn Hausa, kó yọ kóró ẹ̀, kó rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, kó sè é pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí á fi rọ̀, kó lọ̀ ọ́. Kò nílò ṣúgà, dàbínù fúnra ẹ̀ ti dùn tó. Ṣùgbọ́n torí pé kò fi ṣúgà sí i, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó ní fíríìjì wo, iná dà. Mo ní ẹ yáa tètè jẹ ẹ́ tán, ìyẹn ò kúkú lè ṣòro nínú ilé yẹn.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejìlá, ẹnì kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ s'Íjẹ̀bú-Igbó, ó yọ̀ǹda kílò méjì fún mi nínú ẹrù ẹ̀, mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé ìgò jáàmù kan ránṣẹ́ sí màámi. Ìgò kan náà yẹn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lèmi fi ń jẹ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n pè mí, wọ́n ní ó ti tán. Mo ní ẹ̀ẹ́ ti jẹ́? Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ búrẹ́dì, ìyá ẹlẹ́kọ wá kí àwọn, wọ́n bu díẹ̀ fún wọn, lánlọ́ọ̀dù fìka tọ́ ọ, wọ́n ní ó dùn ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ̀bà lọ. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo béèrè ìgò. Màámi ní ìgò ti kún, àwọn ti rọ ata gígún sí i, ẹni tó gbé e wá ló máa gbé e padà fún mi.

Ó dé lóṣù Kínní. Nígbà tí ata yẹn tán, mo fọ ìgò yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo gbé e sínú ófìn, mo bu jáàmù tuntun sí i. Òun ló wà láàárín nínú fọ́tò yẹn. Òórùn ata ò kúrò nínú ìdérí ẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ ṣí.