Kí Ẹ Tó Pè É Ní Parvo

Àgbàdo tuntun ti gba ìgboro Àkúrẹ́. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, ṣùùkù kún gọ́tà, ajá ń he é jẹ. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé dókítà ẹran, mo ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bí ajá bá ti bì lẹ́ẹ̀mejì, parvo ni, àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó sábà máa ń mú ọmọ ajá tí kò gba àjẹsára. Ẹ á gbé omi kọ́, ẹ á gún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, ó di ọ̀la. Mo rí ẹnì kan nínú yín tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo ṣe ní kí n to ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tí ajá jẹ. Wọ́n á ní oúnjẹ rẹ̀ náà ni. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń wá tí wọn ò rí nínú ilé: ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, kànìnkànìn, bọ́ọ̀lù. Ọmọdé ilé ni kí ẹ bi. Bàbá ò sí nílé nígbà tí wọ́n ń jẹ àgbàdo.

Ìkejì, ẹ ya ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé ahọ́n sókè. Òwú máa ń há sábẹ́ ahọ́n, ìyókù á ti wọ ìfun lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fà á. Á rẹ́ ìfun bí ayùn.

Ìkẹta, ẹ fọwọ́ tẹ inú rẹ̀. Ẹ má gbójú lé x-ray nìkan, torí ṣùùkù kì í hàn ketekete níbẹ̀ bí irin tàbí eegun. Afẹ́fẹ́ tó kóra jọ sínú ìfun lẹ máa rí. Ìka ni mo fi rí èyí tó wà nínú Boerboel kan, ajá ńlá aṣọ́lé, tí màmá kan gbé wá láti ilé ìwòsàn míì. Ajá ọdún mẹ́rin, tó gba àjẹsára pé! Wọ́n kọ parvo gàdàgbà sórí káàdì rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ èébì. Èébì dáwọ́ dúró lóòótọ́, ìfun sì ń kú lọ nínú. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Màmá ní ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé omi sí nìkan ni ọwọ́ dókítà náà kàn.

Mo là á lálẹ́ ọjọ́ náà. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ibi tí ṣùùkù há sí ti dúdú, ó ti lu, ohun inú ìfun ti dà sínú ikùn. Mo gé èyí tó ti kú kúrò, mo rán ojú méjèèjì pọ̀, mo fi omi oníyọ̀ fọ inú rẹ̀ títí ó fi mọ́. Ẹni tó wa mọ́tò gbé wọn wá ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé torí ṣùùkù lásán ni gbogbo wàhálà yìí. Ilẹ̀ mọ́, ajá jí, ó ń ju ìrù. Ẹ kúkú mọ̀ pé láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ojú ìfun tí a rán máa ń já, bó bá máa já. Tiwa já lọ́jọ́ kẹrin. Ó kú kí n tó fọwọ́ tán láti tún un là.

Ohun tí wọ́n ń sọ kiri lẹ́yìn rẹ̀ ló dùn mí jù. Màmá ní ajá òun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde níbi àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ti kú. Ẹ̀gbọ́n yẹn gbọ́, ó mirí, ó ní ara àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti yá jù sí ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ! Ṣùùkù náà ṣì wà nínú ìgò formalin, omi tí kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà, lórí tábìlì mi. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìgò náà, ó ní oògùn ti wọ́n lọ́jà.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó là á. Ẹ ya fọ́tò ìfun. Bí ẹni tó ni ajá bá láyà, ẹ pè é wọlé wá wò ó. Ajá tó bá ti ọwọ́ ẹlòmíì wá, ẹ kọ bí ẹ ṣe bá a sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ìkẹrin: epo pupa. Bí ajá bá lá ọ̀tapiapia, wọ́n á ti da epo sí i lẹ́nu kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Epo ò pa májèlé, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń gbà lọ. Bí itọ́ bá ń dà, tí ọmọlójú rẹ̀ sún kì, tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, ẹ gún un ní atropine ná, oògùn tó ń gbógun ti irú májèlé yìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbọ́ èémí rẹ̀, kí ẹ mọ ibi tí epo náà dé.