Ìtàn ìfẹ́ àwọn Amish: ìrìbọmi ló ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ nípa àwọn Amish, ìyẹn àwọn Kristẹni ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó yàn láti máa gbé bí àwọn ará àtijọ́, ló máa ń sáré lọ síbi ìborí funfun, kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àtùpà, tí wọ́n á sì fi ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi, ìlérí láti wà nínú ìjọ títí ayé, sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ́ yẹn ni ìdíwọ́ tó lágbára jù nínú irú ìtàn yìí ti ń wá. Àgbà nìkan ni wọ́n ń ṣèrìbọmi fún. Torí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ṣenúnibíni sáwọn baba ńlá wọn nílẹ̀ Switzerland, kí Jakob Ammann, olórí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn Amish, tó ya ẹgbẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún 1693. Bíṣọ́ọ̀bù kò sì ní so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ àyàfi táwọn méjèèjì bá ti ṣèrìbọmi. Kí ẹ tó ro irú ojú tí ọmọbìnrin inú ìtàn yín ní, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ àbí kò tíì jẹ́ ẹ.

Ẹ wo bí oṣù ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn ní Lancaster County, Pennsylvania. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ń gbéyàwó, pàápàá lóṣù kọkànlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ti ìgbà ìkórè máa ń ṣáájú rẹ̀, ìrìbọmi sì máa ń ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ti ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn (oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ) tó wọlé dáadáa. Lọ́jọ́ ìsìn, bí ìjọ bá ti ń kọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ lé àwọn òjíṣẹ́ wọ yàrá mìíràn, wọ́n á sì máa gba ẹ̀kọ́ 18 inú Ìjẹ́wọ́ Dordrecht ti ọdún 1632, ìwé tó to ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ní méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìsìn ń wáyé, torí náà ẹ̀kọ́ yìí ń gba oṣù mélòó kan. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìwé bá dédé pinnu lóṣù kẹsàn-án pé òun fẹ́ wọ ìjọ, tó sì gbéyàwó lóṣù kọkànlá, ẹni tó mọ̀ wọ́n á pa ìwé náà dé.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí ni ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìrìbọmi. Àwọn òjíṣẹ́ á tún pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì sọ fún wọn pé ààyè ṣì wà láti padà, pé ó sàn kéèyàn má jẹ́jẹ̀ẹ́ ju kó jẹ́ ẹ kó sì dà á lọ. Bí ìfẹ́ bá máa dán ìgbàgbọ́ wò, ibẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin inú ìtàn yín á kúnlẹ̀, wọ́n á ṣí ìborí rẹ̀, díákónì á bu omi, bíṣọ́ọ̀bù á sì jẹ́ kí ó ṣàn láti ọwọ́ rẹ̀ sórí ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí odò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe tì í bọ inú omi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ta ẹni tí kò tíì ṣèrìbọmi nù. Ẹni tó kúrò nílé kó tó jẹ́jẹ̀ẹ́ kò dalẹ̀. Ó lè padà wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, bí ó tiẹ̀ dun ìyá náà. Ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tó wá kẹ̀yìn sí ìjọ ni wọ́n ń ta nù. Òun náà, wọn kì í lé e sínú òjò: wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ bó bá ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n wọn kò ní bá a jẹun lórí tábìlì kan, wọn kò sì ní gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Àwọn ìdílé kan máa ń gbé tábìlì méjì sún mọ́ra, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín, kí wọ́n wá tẹ́ aṣọ kan bo méjèèjì. Òfin kò yẹ̀, ọmọ sì jókòó sítòsí. Ẹ kọ aṣọ tábìlì yẹn dáadáa, á ṣiṣẹ́ ju ojú ìwé mẹ́wàá tí ẹkún kún inú rẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, wọ́n á gbà á padà, ọ̀rọ̀ náà á sì tán.

Ní ti ìfẹ́rasọ́nà, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 16 ni àwọn ọ̀dọ́ ń lọ síbi orin alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin á sì fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé ọmọbìnrin lọ sílé. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe àṣírí, títí díákónì á fi kéde rẹ̀ nínú ìsìn. Lọ́jọ́ ìkéde, ìyàwó kì í sábà sí nínú ìsìn. Ilé ló wà, ó ń se oúnjẹ de àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó bá fojú sílẹ̀ á ti fura látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí wọ́n rí i pé ewébẹ̀ celery pọ̀ nínú oko bàbá rẹ̀, torí wọn kì í fi ṣeré níbi ìgbéyàwó. Àlejò máa ń lé ní 200. Kò sí òrùka, kò sí ìfẹnukonu níwájú ìjọ, kò sí aṣọ funfun gbọọrọ. Aṣọ aláwọ̀ búlúù tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó sábà máa ń wọ̀. Irùngbọ̀n ọkọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, láìsí irun ètè òkè. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì á bá wọn fọ abọ́.

Ìgbàgbọ́ wọn ló ṣòroó kọ jù, torí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí jẹ́ Kristẹni evangelical (àwọn tó ń tẹnu mọ́ àtúnbí) tí kì í ṣe Amish, àdúrà tiwọn ni wọ́n sì ń fi sí àwọn ẹni inú ìtàn lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àdúrà oúnjẹ wọn, kí wọ́n tó jẹun àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán. Bí ọmọbìnrin yín bá ń sọ káàkiri pé ó dá òun lójú pé òun ti rí ìgbàlà, ìgbéraga ni ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ Old Order, àwọn Amish tó di àṣà àtijọ́ mú, á kà á sí. Ìrètí ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ìrètí náà ní èdè Pennsylvania Dutch, ẹ̀yà èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ nílé, nínú ilé ìdáná, kí ó gbọ́ Bíbélì ní èdè Jámánì, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá àlejò lóhùn. Ẹ sì di agbègbè kan mú: kẹ̀kẹ́ ẹṣin aláwọ̀ eérú ni ti Lancaster, dúdú ni ti Holmes County ní Ohio.