Búlọ́ọ̀gù tó ń jẹ́ orúkọ yín: ohun tí ará Kétu tó fẹ́ dá a sílẹ̀ nílò

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni Skyrock, ilé-iṣẹ́ rédíò Faransé kan, pa Skyblog, ìkànnì búlọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ rẹ̀, tì. Láti ìparí ọdún 2002 ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ Faransé ti ń kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán wọn síbẹ̀. GeoCities, ibi tí èèyàn ti ń ṣe ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́, ti kọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀ ní 2009. Facebook àti WhatsApp ṣì wà, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ wá orin ẹ̀fẹ̀ tí ẹnì kan kọ sórí Facebook ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ìran ènìyàn ṣì ń jáde lóru ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn WhatsApp ni ọ̀pọ̀ àlàyé lórí igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère, lórí orin àti lórí oríkì ń bá kiri. Tí fóònù bá kún, wọ́n á pa á rẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé àwọn èèyàn tún ti ń padà sí búlọ́ọ̀gù tí wọ́n dá ní.

Nǹkan méjì péré ni kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì: orúkọ ìkànnì yín, àti fáìlì tí ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀. Ìyókù ṣeé pààrọ̀ nígbàkigbà.

Ẹ kọ́kọ́ ra orúkọ. Ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni .bj; .com àti .org náà dára. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè iye tí ọdún kejì jẹ́ kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ olùtà ló máa ń dín ti ọdún àkọ́kọ́ kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni pé àbúrò kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló máa ń bá èèyàn rà á, ímeèlì tiẹ̀ ló sì máa ń fi sílẹ̀. Ó bá kó lọ sí Kùtọnu, ó yí ímeèlì padà, kò sì sẹ́ni tó rí ìkìlọ̀ pé ọdún ti pé. Tí olùtà bá ti pa orúkọ .com rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló kù láti fi owó gọbọi gbà á padà. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ márùn-ún, ẹnikẹ́ni sì lè rà á. Ímeèlì tiyín ni kí ẹ lò, kó má sì jẹ́ èyí tó wà lórí orúkọ ìkànnì yẹn gan-an, torí ọjọ́ tí orúkọ bá kú ni ímeèlì náà kú.

WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó nílò dátábéèsì (àká tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́), ó sì ń fẹ́ àtúnṣe léraléra. Èyí tí wọ́n bá pa tì fún ọdún kan, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé sí i. Fún ẹni tó kàn fẹ́ kọ̀wé, Hugo, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ fáìlì di ìkànnì, ni mo fara mọ́. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì .md lásán, Hugo á sọ ọ́ di ojú-ìwé, GitHub Pages (ẹ̀ka GitHub, ìkànnì tí èèyàn ń kó fáìlì sí) á sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí fóònù pàápàá, ẹ lè kọ ọ́ tààrà sínú GitHub. Láti so orúkọ yín mọ́ ọn, ẹ lọ sí ibi DNS (ètò tó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà) lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ fi ìlà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní A sí i: 185.199.108.153, 185.199.109.153, 185.199.110.153 àti 185.199.111.153. Ẹ pa ìlà A tí olùtà ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà míì ìkànnì yín ló máa ṣí, nígbà míì ìpolówó olùtà. Ó lè tó ọjọ́ kan kí gbogbo rẹ̀ tó balẹ̀. Títí dìgbà náà, «Enforce HTTPS» nínú ètò GitHub Pages, èyí tó ń dáàbò bo ìkànnì, lè kọ̀ láti ṣeé tẹ̀.

Tí ojú-ìwé tuntun bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ wo ohun méjì lókè fáìlì. Àkọ́kọ́ ni `draft = true`: ẹ sọ ọ́ di `false`. Èkejì ni ọjọ́ àti aago, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Hugo kì í gbé ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé jáde, aago UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé) ló sì ń lò bí ẹ kò bá sọ fún un. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Ẹni tó kọ aago mẹ́jọ àárọ̀ sí i, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní aago mẹ́jọ gééré, lójú Hugo aago méje ṣì ni. Ẹ fi `timeZone = "Africa/Porto-Novo"` sínú `hugo.toml`, fáìlì ètò Hugo, ó parí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà gba sùúrù. Ìwé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɔ, ɛ, sh àti kp. Ti Nàìjíríà ń kọ ọ, ẹ, ṣ àti p. Lójú kọ̀ǹpútà, ɔ àti ọ kò bára tan. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ sì fi ọ̀nà kejì kọ àkọlé lẹ́ẹ̀kan sínú ìlà `description` lókè fáìlì, kí ẹni tó ń fi èkejì wá a lè rí i. Ẹ tún rántí pé ọ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan: ọ ni (U+1ECD), àmì ohùn sì tẹ̀lé e (U+0301). Kíbọ́ọ̀dù míì á kọ o, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́tọ̀, kó tó wá fi ohùn lé e. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwákiri míì kò ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC (ìlànà tó ń sọ ọ̀nà ìkọ lẹ́tà méjèèjì di ọ̀kan) kí ẹ tó fi pamọ́. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Noto Sans ń gbé àwọn àmì wa dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì míì, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Orí fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ ti dán an wò. Orúkọ fáìlì ní tiẹ̀, ẹ má fi àmì sí i rárá: `gelede-ketu.md` tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí wọ́n bá fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́, ọ á di `%E1%BB%8D`.

Àwòrán fóònù kan lè tó mẹ́gà mẹ́rin. Mẹ́wàá lójú-ìwé kan, ogójì mẹ́gà nìyẹn, owó àwọn tó ń kà á lẹ ń jẹ. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́ẹ̀lì 1200, kí ẹ fi í pamọ́ bíi JPEG tí dídára rẹ̀ jẹ́ 75. Á sábà wálẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 250. Orin ẹ̀fẹ̀, ẹ sọ ọ́ di MP3 mono, 64 kbps: ìṣẹ́jú kan kò tó ìdajì mẹ́gà. Ẹ má gbé fáìlì opus WhatsApp síbẹ̀ bó ṣe wà, torí iPhone àtijọ́ kì í kọ ọ́. Àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyáláṣẹ̀, olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ẹ tó gbé e síta. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí lóru ni ti gbogbo ayé.

Hugo ń ṣe RSS fúnra rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń kéde ohun tuntun; `index.xml` lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó ní Feeder, áàpù tó ń ka RSS, lórí Android gba ohun tuntun láìgba ọ̀dọ̀ Facebook kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni Hugo máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ da `rss.xml`, àwòṣe tí Hugo fi ń ṣe é, kọ sínú àpò fáìlì `layouts` yín, kí ẹ sọ `.Summary` di `.Content`, ẹni tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóko á lè kà á tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi àdírẹ́sì sórí WhatsApp àti Facebook. Búlọ́ọ̀gù ni kó kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ máa da gbogbo fáìlì kọ sínú kílé USB lóṣooṣù, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sí «Save Page Now» lórí web.archive.org, àká tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí owó orúkọ máa pé, ímeèlì tí ẹ fi rà á àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fún ẹnì kan nínú ẹbí tó lè san án bí ẹ̀yin kò bá lè san án.