Ta Ló Gbé Bàtà Mi?

Kí a tó mú ajá kejì wọlé, kò sí ìmọ̀ràn tí a kò gbọ́ tán. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé níta, níbi tí ọ̀kankan nínú wọn kò ti lè sọ pé ilé òun ni, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí abọ́ oúnjẹ wọn má ṣe wà lójú kan náà, a gbé ọ̀kan sí ilé ìdáná, a gbé èkejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní bí àgbà bá kùn mọ́ ọmọdé, kí a má ṣe nà án, nítorí pé kíkùn yẹn ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ajá tí a bá sì nà títí tí kò fi kùn mọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ buni jẹ láìkìlọ̀. Gbogbo ìjà tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni a ti múra dè. Olè jíjà nìkan ni ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà.

Tanímọ̀la, àgbà ajá wa, ti pé ọmọ ọdún 11. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dùn ún, bí àlejò bá sì wọlé, ojú lásán ni ó fi ń kí i. Ọmọ ajá tí a mú wá, tí ìyàwó mi ti sọ ní Sùúrù kí ó tó mọ ìwà rẹ̀, kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ìrù Tanímọ̀la ni ó sì dájú sọ. Àgbà a kùn, a gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a rọra dìde lọ dùbúlẹ̀ níbòmíràn; Sùúrù a tún tẹ̀ lé e. Àánú rẹ̀ ṣe wá púpọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàtà mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Orí ibùsùn Sùúrù ni a ti máa ń bá a, itọ́ á ti rin ín gbingbin, Sùúrù fúnra rẹ̀ á sì ti fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹ̀rí wo ni ènìyàn tún ń wá lẹ́yìn èyí? Bí mo bá ń bá ọmọdé náà wí, Tanímọ̀la a wà ní igun tirẹ̀, a gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, a máa wò wá tìyanu-tìyanu.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ní ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá mi ní òwúrọ̀ kejì, mo sì ti Sùúrù mọ́ inú ilé onírin rẹ̀, mo há a pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni mo bá. Èkejì wà ní iwájú ilé onírin náà, wọ́n gbé e kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ọmọdé sì ń na ahọ́n sí i láti inú. Okùn rẹ̀ ti já. Tanímọ̀la ń sùn, ó tilẹ̀ ń hanrun, ṣùgbọ́n ìdajì okùn bàtà mi rọ̀ dirodiro ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ kò tíì bá Tanímọ̀la pàdé.

Mo fi òwú ìránṣọ so bàtà náà, mo sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìpàdé.

Dókítà ẹran ní kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá: òórùn olówó ajá a máa pọ̀ nínú bàtà rẹ̀, ajá tí ilé rẹ̀ ṣàdédé yí padà a sì máa wá òórùn tí ó mọ̀ kiri. Ó ní kí n máa yọ àkókò sọ́tọ̀ fún àgbà nìkan lójoojúmọ́, kí n sì fún un ní aṣọ kan tí mo ti wọ̀ kí ó máa fi sùn. Ìyàwó mi ní, “Dókítà, ẹ ò tíì mọ ajá yìí ni.”

Mo bọ́ ẹ̀wù ọrùn mi fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀ láti ọrùn dé etí, ó wọ́ ọ lọ sórí ibùsùn Sùúrù, ó fi í sílẹ̀ fún un, ó sì padà wá gbé bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́.